Gíga, Ìtakò àti Ìfò: Èdè-Ìperí fún Yíyan Sípíríǹgì Ọkọ̀ ní Agbègbè Ẹ̀gùá

Bí ènìyàn bá wọ ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì kan ní Ẹ̀gùá, ní Àríwá Yewa, tí ó sì wí pé, "Ọ̀gá, ẹ bá mi wá sípíríǹgì tí ó le," ìdáhùn tí ó tọ́ kí ọ̀gá náà fún un ni ìbéèrè: "Kí ni ẹ fẹ́ máa fi ọkọ̀ yìí gbé?" Oníbàárà mọ ohun tí ó ń dùn ún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó fi sọ ọ́ kò ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀. Ó lè jẹ́ sípíríǹgì tí kì í tètè dá ni ó ń fẹ́. Ó lè jẹ́ èyí tí kì í rì bí ẹrù bá gùn ún. Ó sì lè jẹ́ èyí tí yóò gbé ìdí ọkọ̀ kúrò nílẹ̀, kí ó má baà máa ha òkìtì ojú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, líle, ni a fi ń bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, kí a wo ohun tí ìmọ̀ ẹ̀rọ wí nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì wá orúkọ tí olùkọ́ lè lò ní kíláàsì, tí mẹkáníìkì kò sì ní fi rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ orúkọ lásán lọ. Ẹni tí ó béèrè líle tí a fún ní gíga yóò rí i pé ọkọ̀ òun ga nígbà tí ó ṣófo, ó sì tún rì nígbà tí ó kún. Ẹni tí ó béèrè kúkúrú tí a sì bá gé sípíríǹgì yóò gba líle tí kò béèrè mọ́ ọn. Níbi tí ojú ọ̀nà ti ní kòtò, tí èrò sì jókòó sínú ọkọ̀, irú àṣìyàn bẹ́ẹ̀ a máa já sí táyà tí ń fò kúrò nílẹ̀, táyà tí kò bá sì kan ilẹ̀ kò lè gbọ́ ti bíréèkì.

Ìlú Kétu ni Ẹ̀gùá. Ayétòrò ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn, ààlà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí à ń pè ní Dàhòmì títí di ọdún 1975, kò jìnnà. A kò lè sọ̀rọ̀ sípíríǹgì ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀ kí a máa ṣe bí ẹni pé a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ fàyàwọ́ rí. Ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó ìrẹsì wọlé gba orí ilẹ̀ ní ọdún 2016. Wọ́n ti ẹnubodè pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, iléeṣẹ́ aṣọ́bodè pàṣẹ pé kí a má ṣe gbé epo lọ sí iléepo tí kò tó kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Ọkọ̀ tí a tún ṣe fún irú òwò yìí a máa ga nídìí bí ó bá ṣófo. Ìdí rẹ̀ yóò hàn nínú ìṣirò tí ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ń kó ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, àti ìyá tí ń kó gaàrí lọ sí Ìlaròó, ohun kan náà ni wọ́n ń wá lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, wọn kò sì tàpá sí òfin kankan níwọ̀n ìgbà tí ẹrù wọn kò bá ti ju èyí tí a dá ọkọ̀ fún.

Àwọn oníbàárà kejì ni àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fẹ́ kí ọkọ̀ lọ sílẹ̀, kí táyà fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ abẹ́ ara ọkọ̀ tán. Kí òfin tó de kíkó ọkọ̀ wọlé gba orí ilẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, èbúté Kútọnu ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ tòkunbọ̀ ń gbà wọ ìhà ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá ra Golf tí ọmọ Jámánì kan ti rẹ̀ sílẹ̀ kò yan sípíríǹgì fúnra rẹ̀; a ti yàn án fún un, fún títì tí kò ní kòtò. Nítorí náà, nínú ibi iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹnì kan ń fẹ́ kí ọkọ̀ gòkè, ẹnì kejì ń fẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń béèrè "èyí tí ó le".

Kí a tó dé orí líle, ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ ohun náà fúnra rẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe omi tí ń sun láti inú ilẹ̀, àkókò tí ewéko ń rú lẹ́yìn òtútù, àti irin tí ń ta padà. Olùtumọ̀ tí ó bá gbé ìwé atúmọ̀ lọ́wọ́, tí kò sì mọ inú ọkọ̀, lè fi orísun omi sí abẹ́ mọ́tò. Èyí kò nira láti yẹra fún. Èyí tí ó nira ni pé irin tí à ń sọ kò ní ìrísí kan ṣoṣo. Ọkọ̀ Peugeot 504, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975, fi èyí hàn kedere: oríṣi rẹ̀ tí ó jẹ́ ọkọ̀ ilé lásán ní sípíríǹgì tí ó ká bí ejò, ọ̀kan sí táyà kọ̀ọ̀kan, oríṣi gbọọrọ tí a fi ń kó èrò ní irú rẹ̀ méjìméjì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, oríṣi akẹ́rù sì ní èyí tí a fi irin pẹlẹbẹ tò léra. Volkswagen tí à ń pè ní ìjàpá, tí wọ́n ń tò ní Èkó láti ọdún 1975 kan náà, kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Ọ̀pá irin tí ń lọ́ pọ̀ ni ó gbé e ró. Orúkọ tí a bá fi sọ ìrísí, bí "irin kíká", yóò jẹ́ irọ́ fún ìdajì wọn.

Ohun tí gbogbo wọn fi jọra ni pé bí a bá tẹ̀ wọ́n, wọn a ta padà. Ọdẹ tí ó tẹ igi tútù mọ́lẹ̀ fún okùn ìdẹ mọ èyí. Ẹni tí ó fa ọsán ọrun mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Bí a bá fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- mọ́ àpólà ìṣe "ta padà", a ní atapadà, ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ nípa gírámà, tí ó sì yé ọmọdé. Síbẹ̀, èrò wa ni pé kí a má ṣe lé sípíríǹgì kúrò nílé. Ọjà ti gbà á. Ẹni tí ó bá béèrè atapadà ní ọjà Ládípọ̀ ní Mùṣín yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹ jẹ́ kí sípíríǹgì máa jẹ́ orúkọ ohun èlò, kí ìtapadà sì jẹ́ orúkọ ìwà rẹ̀.

Ìdí kan wà tí ó fi ṣe pàtàkì, ní Ẹ̀gùá ju ibòmíràn lọ, pé kí orúkọ àwọn ìwà náà jẹ́ ti Yorùbá. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bá ara wọn ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 fi ìlú Kétu sí ọ̀dọ̀ Faransé, ó sì fi Ẹ̀gùá àti Ìmẹ̀kọ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kọ ìtàn náà sínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1976. Àbájáde rẹ̀ fún iṣẹ́ tiwa ni pé ọmọ iṣẹ́ tí ó kọ́ṣẹ́ ní Ẹ̀gùá yá orúkọ láti inú Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó kọ́ṣẹ́ ní Kétu sì lè yá a láti inú ressort ti Faransé. Bàbá ńlá kan náà ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-àyálò wọn kò bára mu. Bí wọ́n bá pàdé lórí ọkọ̀ kan, ohun tí àwọn méjèèjì lè sọ láìsí ògbufọ̀ ni gíga, ìwúwo, títẹ̀ àti títa padà. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá méjèèjì, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ àti èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1990, ṣe iṣẹ́ takuntakun lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì kò sí nínú ohun tí a rán wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí líle. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Robert Hooke, ni ó kọ́kọ́ kọ òfin sípíríǹgì sílẹ̀. Ní ọdún 1676 ó da àwọn lẹ́tà gbólóhùn Látìnì tí ó fi sọ òfin náà rú, ó tò wọ́n ní abídí kí ẹnikẹ́ni má baà jí i gbé; ọdún 1678 ni ó tó tú u sílẹ̀. (Ó jẹ́ ohun ìtùnú fún àwa tí à ń dá èdè-ìperí pé ẹnì kan ti mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì kí ó má baà yé ènìyàn.) Ohun tí òfin náà wí ni pé bí ipá tí ó tẹ sípíríǹgì bá ti pọ̀ tó ni yóò ṣe sún kì tó: ipá ìlọ́po méjì, ìsúnkì ìlọ́po méjì. Iye ipá tí ó gbà kí sípíríǹgì tó sún kì ní mílímítà kan ṣoṣo ni à ń wá orúkọ fún. Níútọ̀nù lórí mílímítà ni a fi ń wọ̀n ọ́n.

Ṣé líle ni kí a pè é? Rárá o. Alágbẹ̀dẹ ti gba ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Káàkiri ilẹ̀ wa ni alágbẹ̀dẹ ti ń fi sípíríǹgì pẹlẹbẹ ti lọ́rì rọ àdá àti ọkọ́. Ó ń mú irin náà gbóná títí yóò fi pọ́n, ó ń rọ ọ́, ó sì ń rì í bọ omi kí ẹnu rẹ̀ lè le. Líle yìí ni kí irin má ṣe gba ojú lílù, kí ó má ṣe tètè jẹ. Ṣùgbọ́n iná àti omi kì í yí iye ipá tí yóò tẹ irin náà ní mílímítà kan padà. Ohun tí wọ́n ń yí padà ni ibi tí irin yóò ti tẹ̀ tí kò ní lè ta padà mọ́. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ àṣìṣe ńlá láti yọ́ sípíríǹgì mọ́tò lórí iná kí ọkọ̀ lè lọ sílẹ̀. Ọkọ̀ yóò lọ sílẹ̀ lóòótọ́, yóò sì máa lọ sílẹ̀ sí i lóṣooṣù, nítorí irin tí iná ti ba ìtapadà rẹ̀ jẹ́ kò ní ibi tí yóò dúró sí mọ́.

Ọ̀rọ̀ méjì ni a gbé wò. Àkọ́kọ́ ni agídí. Ọ̀rọ̀ tí ó dùn ni: sípíríǹgì alágídí, ẹ tì í, kò fẹ́ lọ. Ọmọ kíláàsì kò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé. Àléébù rẹ̀ ni pé agídí jẹ́ ẹ̀gàn, bẹ́ẹ̀ sì ni sípíríǹgì tí ó ní púpọ̀ kò burú ju èyí tí ó ní díẹ̀ lọ. Ìkejì ni ìtakò, èyí tí kò yìn, tí kò sì bú. Ìtakò ni a yàn fún ìwé. Kí olùkọ́ fi agídí bẹ̀rẹ̀ bí ó bá wù ú, a kò ní fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ohun mẹ́ta nínú ìrísí sípíríǹgì kíká ni ó ń pinnu ìtakò: nínípọn ọ̀pá irin náà (d), fífẹ̀ òrùka rẹ̀ (D), àti iye ìká rẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ (n). Ẹ kíyè sí àmì ohùn: ìká ni à ń wí, kì í ṣe ìka ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìkà ènìyàn, ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí a tẹ̀ láìsí àmì ohùn yóò da àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ìlànà ìṣirò náà ni Gd⁴ ÷ 8D³n. G jẹ́ ìwà irin fúnra rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo irin sípíríǹgì, nǹkan bíi Níútọ̀nù 80,000 lórí mílímítà oníhà mẹ́rin dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí a mú sípíríǹgì tí irin rẹ̀ nípọn ní mílímítà 12, tí òrùka rẹ̀ fẹ̀ ní 120, tí ó ní ìká 6. Ìtakò rẹ̀ jẹ́ Níútọ̀nù 20 lórí mílímítà. Bí a bá pààrọ̀ irin náà sí ti mílímítà 13, tí a kò yí ohun mìíràn padà, ìtakò di 27.5. Mílímítà kan péré tí ojú kò lè rí ni ó fi ju ìdá mẹ́ta lọ kún un. Nítorí náà, kí ẹni tí ń ra sípíríǹgì lórí àtẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ojú. Kí ó mú ìwọ̀n dání.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a fi ẹrù lé e. Kí ìṣirò má baà díjú, ẹ jẹ́ kí a gbà pé sípíríǹgì dúró gangan lórí táyà, àti pé ọkọ̀ òfìfo fi kílò 250 lé sípíríǹgì ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan. Sípíríǹgì àkọ́kọ́ yóò sún kì ní nǹkan bíi mílímítà 122. Èyí tí ó nípọn jù yóò sún kì ní 89. Èyí ni pé bí gíga àwọn méjèèjì bá dọ́gba lórí àtẹ, èyí tí ìtakò rẹ̀ pọ̀ jù yóò gbé ìdí ọkọ̀ òfìfo ga ju èkejì lọ ní mílímítà 33, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ béèrè gíga. Bí a bá wá kó àpò 10 tí ó jẹ́ kílò 50 lọ́kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn ọkọ̀, tí gbogbo rẹ̀ bọ́ sórí táyà ẹ̀yìn, èkíní yóò sún kì dé 245, èkejì dé 178. Ibí ni àdììtú ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ ga ti tú. Sípíríǹgì tí a yàn fún ẹrù kò mọ̀ pé ẹrù ti bọ́ sílẹ̀. Aṣọ́bodè tí kò kàwé lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ rárá lè ka èyí láti ọ̀ọ́kán.

Nítorí náà a nílò orúkọ méjì fún gíga. Gíga òfìfo ni gíga sípíríǹgì lórí àtẹ, nígbà tí ohunkóhun kò tẹ̀ ẹ́. Gíga ìdúró ni ti ọkọ̀, láti ilẹ̀ dé etí ara rẹ̀ lókè táyà. Oníbàárà ń ra èkíní, ṣùgbọ́n èkejì ni ó ń fẹ́, ìtakò ni ó sì so àwọn méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀dọ́ kan bá ń fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ fi mílímítà 30 lọ sílẹ̀ pẹ̀lú irin mílímítà 13 tí a ti wí, gíga òfìfo sípíríǹgì náà gbọ́dọ̀ fi 63 dín sí ti àtijọ́: 33 láti pa ohun tí ìtakò gbé sókè rẹ́, 30 fún èyí tí ó béèrè.

Orúkọ irú sípíríǹgì bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ohun tí ó rẹ̀ ọkọ̀ sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ láti inú rẹ̀ pẹ̀lú ìpajẹ, "arọkọ̀" ni yóò jáde, àmì ohùn kan péré ni yóò sì yà á kúrò lára arọkọ́, èyí tí ó jẹ́ alágbẹ̀dẹ. Sípíríǹgì ìrẹ̀sílẹ̀ ni a fara mọ́, kí ẹnìkejì rẹ̀ sì jẹ́ sípíríǹgì ìgbésókè.

Kò yẹ kí a ta sípíríǹgì ìrẹ̀sílẹ̀ láìfi kún ìtakò rẹ̀. Bí ó bá ku mílímítà 80 kí ara ọkọ̀ tó kan rọ́bà tí ń gba ìkọlù, tí a sì fi 30 rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó ku 50. Kí sípíríǹgì lè dá ipá kan náà dúró láàárín 50 yìí, ìtakò 20 gbọ́dọ̀ di 32. Gígé sípíríǹgì kò lè ṣe èyí. Bí a bá gé ìká kan kúrò nínú 6 tí a sọ, ìtakò di 24 péré. Bí àyè tí ìká kọ̀ọ̀kan gbà bá jẹ́ mílímítà 55, ọkọ̀ yóò sì fi nǹkan bíi 35 lọ sílẹ̀. Ó gba ìsọ̀kalẹ̀ tán, kò gba ìtakò tí ó tó. Lẹ́yìn èyí, bí a bá fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, sípíríǹgì gígé lè tú kúrò nínú àwo rẹ̀. Bí táyà bá sì bọ́ sínú kòtò jíjìn, ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Ní Jámánì, níbi tí iléeṣẹ́ bí Eibach ti ń ṣe sípíríǹgì láti ọdún 1951, ìwé ẹ̀rí ni ó ń bá sípíríǹgì ìrẹ̀sílẹ̀ rìn, ó ń sọ irú ọkọ̀ tí ó wà fún àti ẹrù tí ó pọ̀ jù tí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn lè gbà. Ẹni tí ó bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú tòkunbọ̀, kí ó má ṣe fi dáná.

Ṣọ́ọ̀kì kò ní gbà wá lákòókò púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òun ni ó ń gbé ẹrù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sípíríǹgì ni ó ń gbé ẹrù, ó sì ń jó: pẹ̀lú ìtakò 20 àti kílò 250, yóò jó lọ jó bọ̀ ní nǹkan bí ìgbà 7 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 5, bí ẹrù bá sọ ọ́ di kílò 500, ìgbà 5. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni láti mú ìfò náà rọlẹ̀, a sì dábàá ìmúfòrọlẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ náà gùn, a mọ̀. Ẹni tí ó bá yí ìtakò padà láìwo ìmúfòrọlẹ̀ ti gbé ìlù fún oníjó tuntun láìsí ẹni tí yóò dá a dúró.

Àwọn olùkọ́ lè fi gbogbo èyí hàn láìsí ohun èlò ilé ìwádìí. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Ẹ fi téèpù wọn gíga ìdúró lẹ́yìn, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹ gbé àpò méjì tí ó jẹ́ kílò 50 sẹ́yìn, gangan lókè táyà ẹ̀yìn. Ẹ mi ọkọ̀ díẹ̀ kí ó lè jókòó dáadáa, kí ẹ sì tún un wọ̀n. Kílò 100 sún mọ́ Níútọ̀nù 980, ìdajì rẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 490. Ẹ fi iye mílímítà tí ó rì pín in. Ìtakò tí ó dé ojú táyà nìyẹn. Bí ó bá rì ní 24 tàbí 25, ẹ ti bá sípíríǹgì wa ti ìtakò 20 pàdé.

Pẹ̀lú iye yẹn, ìyá onígaàrí lè sọ fún mẹkáníìkì iye àpò tí òun ń gbé àti ibi tí òun fẹ́ kí ìdí ọkọ̀ dúró sí nígbà tí ó bá kún, ọ̀dọ́ sì lè sọ tirẹ̀. Ó ku ẹnì kẹta, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń kó gaàrí lọ́jọ́ ọjà, tí ó sì ń kó ìdílé lọ síbi àríyá ní ọjọ́ keji. Sípíríǹgì kan wà fún un tí àwọn ìká rẹ̀ kò jìnnà síra bákan náà: bí ẹrù ti ń pọ̀, àwọn ìká tí ó sún mọ́ra ń lẹ̀ mọ́ra, iye ìká tí ń ṣiṣẹ́ ń dín kù, ìtakò sì ń ga. "Ìtakò apọ̀síi" ni a ń pè é fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì tẹ́ wa lọ́rùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní Kétu àti Pobẹ̀ lè ní èyí tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.